Èrè Orí Ìwé Ni Báǹkì Ń Wò: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Ṣiṣẹ́ Ara Yín Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Ra Ilé ní Ìlú Ọba

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Yorùbá ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù

Alága wa, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi gbogbo, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ gbogbo. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ṣọ́ọ̀bù wá tààrà. Mo mọ̀ pé àwọn kan pa app táksí wọn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí owó ń wọlé jù, kí wọ́n lè wá jókòó síbí. Olúwa yóò bù sí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àwọn àgbà ló ní ilé ni àbò ìsinmi oko. Oko ni gbogbo wa ń lọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ní ìlú yìí. Ilé dà?

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú. Ta ni nínú wa níbí tó ti lọ bá báǹkì pé òun fẹ́ ra ilé, tí wọ́n ní ohun tó ń wọlé fún un kò tó, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ń rí owó ju ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lọ? Ẹ nawọ́ sókè kí n rí i. Ẹ wò ó, ẹ wo ẹ̀yìn yín. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀, ẹ ṣeun. Nítorí ọwọ́ wọ̀nyẹn ni mo ṣe wá.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn èèyàn wa ṣe ìwé owó-orí. Onídìrí, télọ̀, awakọ̀, bíríkìlà, péńtà, àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ òde, gbogbo wọn ni mo ń bá jókòó. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbé e délé: ilé tẹ́ ẹ fẹ́ rà lọ́dún méjì òní, ìwé owó-orí tẹ́ ẹ ń kọ lọ́dún yìí ló máa rà á.

Àkọ́kọ́: báǹkì kò mọ iṣẹ́ yín, ìwé yín ló mọ̀

Nílé lọ́hùn-ún, gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń kọ́lé. Èèyàn á ra ilẹ̀, á fi í sílẹ̀ ná. Bí owó díẹ̀ bá wọlé, á ní kí wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù. Bí àjọ bá kàn án, wọ́n á gbé ilé náà dé líńtẹ̀lì. Ó tún dúró. Ọdún kejì, ó di pé wọ́n fẹ́ kanlé. Ta ló bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ta ló ní kó mú ìwé owó-orí ọdún méjì wá? Kò sẹ́ni tó bi í. Owó rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rí.

Níbí ńkọ́? Níbí, báǹkì ló máa kọ́kọ́ san owó ilé náà, ìwọ a wá máa dá a padà fún ọdún 25 tàbí 30. Ẹni tó fẹ́ gbé owó lé ọ lọ́wọ́ fún 30 ọdún, ṣé kò ní bèèrè bí wàá ṣe dá a padà? Á bèèrè. Ẹni tó ń gba owó oṣù á mú péésílíìpù oṣù mẹ́ta sílẹ̀, á mú P60 sílẹ̀, ìyẹn ìwé tí ibi iṣẹ́ ń fún un lópin ọdún owó-orí tó ń fi owó oṣù àti owó-orí rẹ̀ hàn, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ń ṣiṣẹ́ ara rẹ, ta ló ń kọ péésílíìpù fún ọ? Ìwọ lo ni ọ̀gá, ìwọ náà lo ni ọmọ iṣẹ́.

Àwọn tó ti pẹ́ níbí á rántí ayé kan. Láyé ìgbà yẹn, kí 2008 tó dé, mọ́géèjì kan wà, ìyẹn owó tí wọ́n ń yáni láti fi ra ilé, tó jẹ́ pé wàá kàn fẹnu ara rẹ sọ iye tó ń wọlé fún ọ ni, wàá buwọ́ lù ú, báǹkì á gbà. Àwọn kan sọ òtítọ́, àwọn kan sọ ohun tí inú wọn fẹ́. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú rú, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè san owó tí wọ́n yá mọ́, ìjọba ti ilẹ̀kùn yẹn. Láti 26 oṣù Kẹrin 2014 ni òfin ti di dandan pé kí gbogbo ẹni tó ń yáni lówó ilé yẹ ohun tó ń wọlé fún èèyàn wò, kó sì rí ẹ̀rí rẹ̀. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín lónìí pé òun mọ báǹkì kan níbí tí kì í bèèrè ìwé, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Ìwé wo gan-an ni wọ́n ń bèèrè? Méjì ló ṣe pàtàkì jù, ọ̀dọ̀ HMRC, àwọn agbowó-orí, ni méjèèjì sì ti ń wá. Èkíní ni SA302. Òun ló ń fi hàn pé nínú ọdún owó-orí báyìí, èrè báyìí lo sọ pé o jẹ, owó-orí báyìí ló kàn ọ́. Èkejì ni wọ́n ń pè ní tax year overview. Òun ló ń fi hàn pé owó-orí tó kàn ọ́ yẹn, o san án tàbí o kò san án. Ẹ lè tẹ méjèèjì jáde fúnra yín lórí àkáǹtì HMRC yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí dé ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní báǹkì á gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Iye tó wà lórí èkíní gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lórí èkejì mu, kò gbọdọ̀ fi pọ́nùn kan yàtọ̀. Mo ti rí ẹni tí ìwé rẹ̀ dára délẹ̀, àmọ́ tí overview rẹ̀ ń pariwo pé ó ṣì jẹ HMRC ní gbèsè. Báǹkì dá ìwé náà padà.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ yẹ orúkọ yín wò. Àwa Yorùbá lórúkọ púpọ̀. Orúkọ kan ní pásípọ́ọ̀tù, òmíràn ní báǹkì, orúkọ ọkọ lórí ìwé owó-orí, orúkọ ìdílé bàbá lórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ẹ̀rọ báǹkì kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì: wọn kì í jẹ méjì lábà Àlàdé

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀.

Àǹtí kan wá bá mi. Ó ń se oúnjẹ fún òde: ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí, ìsọmọlórúkọ. Ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé. Ó gbé àpò rìsíìtì kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, “Wò ó, owó tó wọlé fún mi lọ́dún tó kọjá jẹ́ £62,000. Báǹkì ní mi ò tó ẹni tí wọ́n ń yá lówó. Ṣé torí mo jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni?” Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìwé.

Owó tó wọlé kì í ṣe èrè. Ẹ bá mi tún un sọ: owó tó wọlé kì í ṣe èrè. Nínú £62,000 yẹn, ìrẹsì wà níbẹ̀, ẹran wà níbẹ̀, epo, gáàsì, owó àwọn ọmọ tó ń bá a pín oúnjẹ, epo ọkọ̀, owó ibi ìdáná tó ń háyà. A kà á, a kà á, ó jẹ́ £32,000. Èrè tó kù jẹ́ £30,000. £30,000 yẹn ni báǹkì ì bá wò, nítorí ẹni tó ń dá ṣòwò láìní kọ́ńpìnnì, èrè rẹ̀ ni wọ́n ń kà bí owó oṣù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe £30,000 ló wà lórí SA302 rẹ̀. £15,000 ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń bá a ṣe ìwé tẹ́lẹ̀ ti ní kó má kọ owó tí wọ́n bá san lọ́wọ́ sílẹ̀, pé ìyẹn ni yóò gbà á lọ́wọ́ owó-orí. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ohun tí ìmọ̀ràn yẹn ṣe fún un. Ní ọdún owó-orí 2024/25, £12,570 àkọ́kọ́ nínú èrè èèyàn, owó-orí kò kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, 20% ni owó-orí, 6% ni National Insurance, owó kan tí ìjọba tún ń gbà lórí èrè, ti àwa tó ń ṣiṣẹ́ ara wa. Ẹni tó jèrè £30,000 á san £3,486 àti £1,045.80. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £4,531.80. Ẹni tó kọ £15,000 á san £631.80. Nítorí náà, ó fi £3,900 pamọ́ fún ara rẹ̀ lọ́dún kan. Owó ńlá ni, mi ò sọ pé kì í ṣe owó.

Ó wá dé báǹkì. Ọ̀pọ̀ báǹkì ń yáni ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́rin àbọ̀ ohun tó ń wọlé féèyàn lọ́dún. Bí wọ́n bá fún un ní mẹ́rin àbọ̀, £30,000 á mú £135,000 wá. £15,000 á mú £67,500 wá. Ó fi £3,900 pamọ́, £67,500 lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ń gba £32,000 lọ́dún ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti tọ́jú £40,000. Pẹ̀lú èrè tó jẹ́ òtítọ́, tọkọtaya yìí ì bá máa wá ilé tí owó rẹ̀ tó £319,000. Pẹ̀lú èyí tó wà lórí ìwé, £251,500 ni wọ́n lè dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo iye tí wọ́n ń ta ilé ní Thamesmead, ní Abbey Wood, ní Dagenham, ẹ mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Iyàrá kan ni. Iyàrá tí àwọn ọmọ ì bá sùn sí ni.

Wọn kì í jẹ méjì lábà Àlàdé. Èèyàn ò lè sọ fún agbowó-orí pé òun ò rí nǹkan kan, kó tún yí padà sọ fún báǹkì pé òun ń rí owó gan-an. Ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, tí ìyà ń bẹ fún un, ẹni tó ń fi èrè pamọ́, orí òrùlé ara rẹ̀ ló ń ṣí.

Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà yín. Ọdún àkọ́kọ́ ni. Ẹni tí £4,531.80 kàn, wọn ò ní gba ìyẹn nìkan ní 31 oṣù Kìíní. Wọ́n á tún gba ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, ìyẹn £2,265.90. Ó di £6,797.70 lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì yòókù sì ń bọ̀ ní 31 oṣù Keje. Ìbẹ̀rù ọjọ́ yẹn ló ń mú kí àwọn èèyàn wa máa gé èrè kù. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀. Bí £100 bá wọlé, kí £15 tàbí £20 sá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó di ẹran, kó tó di aṣọ ẹbí. Tí oṣù Kìíní bá dé, owó HMRC ti wà nílẹ̀.

Ìnáwó tó tọ́ yàtọ̀ sí irọ́ o, ẹ má jẹ́ kí n ṣì yín lọ́nà. Ohun tẹ́ ẹ bá ná sórí iṣẹ́, ẹ kọ ọ́, ẹ̀tọ́ yín ni. Awakọ̀ tó ń ka máìlì, ní 2024/25, 45p ni lórí máìlì kọ̀ọ̀kan fún 10,000 máìlì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 25p. Ẹni tó bá wa 25,000 máìlì lọ́dún á yọ £8,250 kúrò nínú owó tó wọlé, kò sí ẹni tó lè mú un. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọgbọ́n mú àkókò. Bùrọ̀dá kan tó ń kó ẹrù ra fáànù tuntun ní oṣù Kẹta, ó yọ gbogbo owó fáànù náà kúrò nínú èrè ọdún kan ṣoṣo bí òfin ṣe gbà fún un, èrè rẹ̀ wá wálẹ̀ bọ̀ọ̀lọ̀. Òfin ò bá a wí. Àmọ́ oṣù Karùn-ún ló fẹ́ béèrè owó ilé. Bó bá jẹ́ pé ó ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ṣáájú ni, wọn ì bá ní kó dúró ra fáànù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé, tàbí kó pín owó rẹ̀ sí ọdún púpọ̀.

Ẹ̀kẹta: ọdún méjì, kì í ṣe oṣù méjì

Ọ̀pọ̀ báǹkì ń bèèrè ìwé ọdún méjì. Àwọn kan á gba ti ọdún kan, pàápàá bí iṣẹ́ náà bá jọ èyí tí èèyàn ti ń ṣe fún ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀. Àwọn kan á ní àfi mẹ́ta. Wọ́n sábà máa ń pa ọdún méjèèjì pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì. Bí ọdún tó kẹ́yìn bá kéré ju èyí tó ṣáájú lọ, èyí tó kéré yẹn ni púpọ̀ nínú wọn máa mú, wọ́n á tún bi yín pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ ní èsì tó jẹ́ òótọ́ lẹ́nu: mo bímọ, mo ṣàìsàn, ṣọ́ọ̀bù jóná, mo wà nílé fún òkú ìyá mi. Bí ìwé bá wà tó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, ẹ mú un dání.

Ọdún owó-orí bẹ̀rẹ̀ ní 6 oṣù Kẹrin, ó parí ní 5 oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ara rẹ̀, tí owó tó wọlé ju £1,000 lọ nínú ọdún náà, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC kó tó di 5 oṣù Kẹwàá tó tẹ̀ lé e. Gbèdéke ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni 31 oṣù Kìíní. Bí ẹ bá fi ọjọ́ kan kọjá, £100 ti lọ, kódà bí kò bá sí owó-orí kankan tó kàn yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún wa pé oṣù Kìíní ni wọ́n ń ṣe é? Gbèdéke ni oṣù Kìíní, kì í ṣe ọjọ́ ìṣíde. Láti 6 oṣù Kẹrin lẹ ti lè fi ìwé ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ránṣẹ́. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún, SA302 rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀ lọ́wọ́ báǹkì ní oṣù Kẹfà. Owó-orí náà sì rèé, kò tíì di ọjọ́ sísan títí di oṣù Kìíní. Ìmọ̀ràn tó dára jù tí mo ní lálẹ́ òní nìyẹn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Bẹ̀rẹ̀ láti 6 oṣù Kẹrin 2026, àwọn tí owó tó wọlé fún wọn lórí iṣẹ́ àti lórí ilé tí wọ́n fi háyà bá ju £50,000 lọ gbọ́dọ̀ máa fi ẹ̀rọ ṣe àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì máa jíhìn fún HMRC lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ní 2027, á sọ̀kalẹ̀ sí £30,000. Ní 2028, £20,000. Ẹ kíyè sí i: owó tó wọlé ni wọ́n ń wò fún èyí, kì í ṣe èrè. Àǹtí olóúnjẹ wa yẹn wà nínú ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ń kùn sí i, àmọ́ mo rí ire níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ilé, torí kò ní sí àpò rìsíìtì mọ́.

Àwọn bíríkìlà àti péńtà tó wà níbí, ẹ̀yin tí wọ́n ń yọ 20% lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó sanwó fún yín lábẹ́ CIS, ètò owó-orí ti àwọn oníṣẹ́ ìkọ́lé, ẹ má sọ ìwé tí wọ́n ń fún yín lóṣooṣù nù. Àwọn báǹkì kan máa ń ka ìwé yẹn bí péésílíìpù, iye tó wà kí wọ́n tó yọ 20% ni wọ́n sì ń mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ́ńpìnnì, tiyín tún yàtọ̀. Báǹkì kan á wo owó oṣù àti ìpín èrè tẹ́ ẹ san fún ara yín nìkan, òmíràn á wo èrè tó kù nínú kọ́ńpìnnì náà pẹ̀lú. Iye tí wọ́n máa yá yín lè fi ìlọ́po kan yàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ wá alágbàtà mọ́géèjì tó mọ ọ̀rọ̀ àwa tó ń ṣiṣẹ́ ara wa. Kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀, ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ FCA, àwọn tó ń ṣọ́ àwọn báǹkì àti alágbàtà mọ́géèjì, lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kẹrin: ọ̀rọ̀ àjọ, àti àkáǹtì báǹkì yín

Báǹkì á bèèrè sítéétìmẹ́ǹtì, ó kéré tán ti oṣù mẹ́ta. Èèyàn kan á jókòó, á kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú inú wo ẹni yẹn. Kò mọ̀ yín rí, kò sì mọ àṣà wa. Ó rí i pé ní ọjọ́ kìíní oṣù, £1,000 jáde lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan. Oṣù kejì, £1,000. Oṣù kẹta, £1,000. Kí ló máa rò? Á rò pé gbèsè ni ẹ ń san. Á fi í kún ohun tẹ́ ẹ jẹ, á sì yọ ọ́ kúrò nínú agbára yín. Lẹ́yìn náà, £12,000 já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà láti ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn. Ó di ìbéèrè: ta ni? Owó kí ni? Ṣé ẹ yá a ni? Ṣé ẹ máa dá a padà?

Àjọ dára. Àjọ ló kó ọ̀pọ̀ wa yọ ní ìlú yìí, mi ò ní bá yín sọ pé kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó ní ìwé. Olórí àjọ kọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, iye tí kálukú ń dá, oṣù tí ó kàn án, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Kí gbogbo owó gba àkáǹtì kọjá, kó má sí owó inú àpòòwé. Kí ẹni tó fẹ́ ra ilé gba àjọ tirẹ̀ ṣáájú, kí owó náà ti jókòó sí àkáǹtì fún oṣù bíi mélòó kan kó tó kọ ìwé sí báǹkì. Báǹkì kan lè gbà á, òmíràn lè ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, ẹ bi alágbàtà yín ṣáájú. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n tàbí òbí ló fi owó ta yín lọ́rẹ, wọ́n máa kọ lẹ́tà pé ọrẹ ni, kì í ṣe ẹ̀yáwó, wọ́n á sì fi ibi tí owó náà ti wá hàn. Lẹ́tà yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́.

Ẹ ya àkáǹtì iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé. Owó tí oníbàárà bá san lọ́wọ́, ẹ gbé e lọ sí báǹkì láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Bí ẹnì kan bá ń fi owó ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní kó kọ ohun tí owó náà wà fún sí i: oúnjẹ ìgbéyàwó, aṣọ rírán, irun dídì. Mo ti rí sítéétìmẹ́ǹtì tó jẹ́ pé àdúrà ló kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, tí kò sí ìlà kan tó sọ pé iṣẹ́ ni wọ́n sanwó fún. Àdúrà dára, Ọlọ́run á gbọ́ ọ. Báǹkì ní tiẹ̀, iṣẹ́ ló fẹ́ rí.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ má ṣe ayédèrú

Ní ṣókí ni mo máa sọ èyí. Àwọn kan ń kiri tí wọ́n ń sọ pé àwọn lè bá yín ṣe SA302, péésílíìpù, sítéétìmẹ́ǹtì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Báǹkì lágbára láti fi iye tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ sí HMRC kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Lábẹ́ òfin Fraud Act ti 2006, ẹni tó bá fi irọ́ gba owó lè ṣẹ̀wọ̀n títí dé ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí kò tíì di ọmọ onílẹ̀, ẹ̀wọ̀n kọ́ nìkan ni yóò rò, ìwé ìgbélùú rẹ̀ náà wà nínú ewu. Mo bẹ̀ yín ní orúkọ àwọn ọmọ yín.

Ìbéèrè láti inú gbọ̀ngàn

Ìyá kan bèèrè pé: ọdún púpọ̀ lòun ti ń san £1,400 lóṣooṣù fún láńdìlọ́ọ̀dù, òun ò jẹ ẹ́ rí, ṣé ìyẹn ò tó ẹ̀rí fún báǹkì ni? Ẹ ṣeun, mà. Ó ń ràn yín lọ́wọ́, ó ń fi hàn pé ẹ kì í jẹ gbèsè, àwọn báǹkì kan sì ti ń kà á sí. Ṣùgbọ́n kò lè dúró ní ipò ẹ̀rí ohun tó ń wọlé. Wọ́n ṣì máa bèèrè ibi tí £1,400 yẹn ti ń wá.

Àbúrò mi kan bèèrè èyí tó le jù, mo sì dúpẹ́ pé ó nígboyà láti bèèrè rẹ̀ níwájú gbogbo wa. Ó ní: àwọn ọdún tó ti kọjá, èrè tí mo kọ kéré sí ti òtítọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Kò bàjẹ́, àmọ́ ẹ lọ tún un ṣe kí wọ́n tó wá bá yín. Ìwé tí gbèdéke rẹ̀ jẹ́ 31 oṣù Kìíní 2026, ẹ ní títí di 31 oṣù Kìíní 2027 láti yí i padà fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá ti ju ìyẹn lọ, ẹ máa lọ jẹ́wọ́ fún HMRC, ọ̀nà wà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un. Ẹ máa san owó-orí tó kù, ẹ máa san èlé lórí rẹ̀, ẹ sì lè san owó ìtanràn. Ìtanràn ẹni tó fúnra rẹ̀ wá jẹ́wọ́ máa ń kéré sí ti ẹni tí wọ́n mú. Bí gbogbo rẹ̀ bá pọ̀ jù láti san lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè bá wọn ṣe àdéhùn pé ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ parí sísan rẹ̀ kí ẹ tó dé báǹkì, torí overview yín ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọdún méjì tó tẹ̀ lé e bó ṣe rí gan-an. Àwọn tó mú ìwé tiwọn dání lónìí, mo wà lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn títí wọ́n á fi ti gbọ̀ngàn yìí. Ẹ máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ owó kálukú lè wà láàárín èmi àti ẹni náà.